Lẹ́tà sí Bàbá Ìbejì lórí ojú ewé Kòsọ́kọ́

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ìyá àwọn ìbejì ńkọ́, àwọn ọmọ náà ńkọ́? Wọ́n ní òtútù Kánádà ti dé, ẹ múra dáadáa o. Àwa ń bẹ níbí l'Ẹ̀pẹ́, a dúpẹ́, ẹja pọ̀ lọ́jà Olúwo lọ́sẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ sáìtì wa tá a ti jọ ń kọ nípa Ẹ̀pẹ́ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ojú ewé Kòsọ́kọ́ yẹn, ọba Èkó ìgbà kan, ti di ogun. Bọ̀dá kan láti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ló yọ ibi tá a ti kọ ọ́ pé Kòsọ́kọ́ ló sọ Ẹ̀pẹ́ di ìlú, ó ní àwọn baba àwọn ti wà níbí tipẹ́ kí Kòsọ́kọ́ tó dé, pé Huraka ọdẹ ló tẹ ibẹ̀ dó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ kan, ìyẹn àwọn ọmọ àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ wá láti Èkó, ti dá a padà, ẹni àkọ́kọ́ tún yọ ọ́, èyí tún dá a padà, wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kà á láàárọ̀ á rí ìtàn kan, ẹni tó bá kà á lálẹ́ á rí òmíràn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ibi tí wọ́n ti gbà fún ara wọn pọ̀ ju ibi tí wọ́n ti ń jà lọ. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé oṣù Kejìlá 1851 làwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó tí Kòsọ́kọ́ fi sá, tí wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè, àbí àdéhùn tí Kòsọ́kọ́ bá Consul Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe l'Ẹ̀pẹ́ níbí ní 1854, àbí pé ó padà sí Èkó ní 1862. Gbólóhùn kan péré ni gbogbo wàhálà yìí! Tèmi ni pé kí sáìtì má fi ẹnu ara ẹ̀ sọ gbólóhùn yẹn rárá. Ká kọ ohun táwọn Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ń sọ, ká sọ pé àwọn ló sọ ọ́, ká kọ ti Èkó Ẹ̀pẹ́ náà, ká sọ ibi tá a ti gbọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Wikipedia nìyẹn, níbi tó jẹ́ pé tó o bá dá iṣẹ́ ẹlòmíì padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lórí ojú ewé kan láàrin wákàtí 24, wọ́n lè dá ẹ dúró, kódà tó bá jẹ́ pé ìwọ lo gba òótọ́.

Mo wá rí ohun tó o kọ sí gúrúùpù, pé wàá ti ojú ewé náà pa, wàá sì fi ti Èkó Ẹ̀pẹ́ síbẹ̀. Jọ̀ọ́, má ṣe é. Títì yẹn dáa, mo fara mọ́ ọn, ká tì í fún ọ̀sẹ̀ kan bó ṣe wà kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, kó má di pé ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ yá jù ló borí. Àmọ́ ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ ni ẹ́, gbogbo ayé ló mọ̀. Èmi mọ̀ pé o ò ní ṣègbè, ṣùgbọ́n àwọn ò mọ̀ ẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ẹ́, orúkọ ẹ nìkan ni wọ́n máa rí níbi àtúnṣe tó wọlé yẹn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tọ́rọ̀ kàn, kó gbé kọ́kọ́rọ́ sáìtì, ìyẹn àṣẹ àtiti ojú ewé àti àtiṣí i, sílẹ̀.

Ẹnìkan tiẹ̀ ní ká dìbò lórí WhatsApp, mo ní rárá. Kó tó dalẹ́, àdúgbò kọ̀ọ̀kan á ti kó èrò tiẹ̀ wá, àwọn tí ò ka ìlà kan rí lórí sáìtì náà. Àwọn IETF tó ń kọ ìlànà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀ lé, wọn kì í dìbò, láti 1992 ni David Clark, ọ̀kan lára wọn, ti sọ ọ́ fún wọn pé àwọn ò fẹ́ ọba, àwọn ò fẹ́ ààrẹ, àwọn ò fẹ́ ìbò. Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé ṣé àtakò kan ṣì wà nílẹ̀ tá ò tíì dáhùn. Ó lè jẹ́ ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ló ti jáde, tó bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ dáhùn ẹ̀.

Bọ̀dá yẹn ti ń sọ pé òun máa kó gbogbo iṣẹ́ wa lọ dá tòun sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, láísẹ́ǹsì tá a fọwọ́ ara wa fi síbẹ̀ ló fún un, mi ò sì ní halẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mélòó la jẹ́ tá a máa tún pín sí méjì? Ohun tó ṣe Node.js náà nìyẹn, sọ́fítíwia kan táwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń lò, àwọn kan yapa ní 2014, wọ́n dá io.js sílẹ̀, torí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló di ìdarí mú. Ní 2015 tí ìdarí kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà nìkan, wọ́n padà wá. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ ká fún ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ kan ní kọ́kọ́rọ́ kẹta, àǹtí tó ń bá wa kọ ojú ewé ọjà ẹja yẹn ni mo ní lọ́kàn, o mọ̀ pé ó máa ń fara balẹ̀.

Fèsì kó tó di ọjọ́ Àìkú, jàre. Mo ti bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n gbà, ohun tí wọ́n ń retí ni kí ìwọ náà sọ pé o gbà.

Bá mi kí àwọn ìbejì o.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ, Bàbá Ràṣídì