Ìkéde Ìpàdé: Àwọn Tó Ṣiṣẹ́ Lẹ́yìn Kámẹ́rà fún Doctor Who

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n,

Ìpàdé wa ti ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́, kò ní dá lórí àwọn òṣèré Doctor Who, eré orí tẹlifíṣàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí kò ṣe lórí àwọn tí ojú kì í rí, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kámẹ́rà láti ìgbà tí BBC ti kọ́kọ́ gbé eré náà jáde ní ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá, ọdún 1963. Verity Lambert ni olùgbéjáde àkọ́kọ́. Waris Hussein, ẹni tí wọ́n bí ní Íńdíà, ló darí ìpín àkọ́kọ́.

Delia Derbyshire, obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ ohùn ní BBC, gan-an la fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀. Ron Grainer ló kọ orin ìbẹ̀rẹ̀ eré náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n Delia ló gé téèpù sí wẹ́wẹ́, tó ń lẹ ohùn kan mọ́ òmíràn títí ó fi di orin. Grainer fúnra rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n dárúkọ obìnrin náà pẹ̀lú tòun, àmọ́ ìlànà ilé iṣẹ́ kò gbà á. Ọdún 2013, lẹ́yìn ikú Delia, ni orúkọ rẹ̀ tó hàn nínú eré náà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá púpọ̀.

A ó tún gbọ́ ìró Tardis, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń rin ìrìn àjò láti ìgbà kan sí òmíràn nínú eré náà, ìró tí Brian Hodgson fi kọ́kọ́rọ́ ilé ha okùn dùùrù láti ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé.

Akọ̀wé ẹgbẹ́