Lẹ́tà sí ọmọ àbúrò mi tó ń wá baba ńlá rẹ̀ ní Virginia

Ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ ní àwọn ará ilé àwọn ní Eastern Shore, Virginia, gbà pé àtọmọdọ́mọ Anthony Johnson ni àwọn, ọkùnrin dúdú tí wọ́n mú dé ibẹ̀ ní 1621, tó padà di olóko tó ní ilẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ó sì yẹ kí a wádìí rẹ̀ dáadáa.

Má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Anthony. Johnson pọ̀ bí erùpẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ti òkè sọ̀ kalẹ̀ wá, ìdílé onílé ni yóò yà sí. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ ni kí o ti gbéra, kí o sì má fo ìran kan láìrí ìwé tó fi hàn pé lágbájá ló bí làmọ́rín.

Ìwé ìkànìyàn 1870 ni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú. Àwọn dúdú tó ti wà lómìnira tẹ́lẹ̀ wà nínú ti 1850. Ṣáájú ìyẹn, olórí ilé nìkan ni wọ́n ń dárúkọ, ti Virginia fún 1790 sì ti sọnù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń dáwọ́ dúró nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìwé owó orí Virginia ti wà láti 1782.

Ti Anthony fúnra rẹ̀, ìwé kóòtù Northampton, kàúńtì tó gbé ní Eastern Shore, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1632 ṣì wà ní Eastville. Oore ńlá ni, torí ọ̀pọ̀ kàúńtì mìíràn kó ìwé tiwọn lọ sí Richmond kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà má bà á jẹ́, iná sì jó o níbẹ̀ ní 1865. Nínú ìwé ìkànìyàn 1625, “Antonio” lásán ni wọ́n pè é. Johnson kò sí níbẹ̀. Ní 1651 ó gba éékà 250, ìyẹn àádọ́ta éékà lórí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tí wọ́n kọ orúkọ wọn pé a sanwó ọkọ̀ wọn wá sí Virginia. Má gbà pé ọdún náà làwọn márùn-ún dé o: wọ́n máa ń ra ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ yẹn, wọ́n sì ń tà á. Ní 1653, lẹ́yìn tí iná jó oko wọn, kóòtù yọ̀ǹda kí Mary ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn méjì má san owó orí mọ́. Irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a fi ń mọ iye ọmọ.

Ṣọ́ra fún ọjọ́. Títí di 1752, March 25 ni ọdún tuntun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀. Ẹjọ́ John Casor, ọkùnrin dúdú tó ń sin Anthony, tí a kọ sí March 1654, 1655 tiwa ni. Ka ẹjọ́ náà tán: Anthony ló pè é, kóòtù sì dá Casor padà fún un láti máa sìn ín títí ayé. Ó dùn mí láti kà á, ṣùgbọ́n má fi pamọ́ fún ìyá rẹ.

Lẹ́yìn náà Anthony àti ìdílé rẹ̀ ṣí lọ sí Somerset, Maryland. Ẹni tó bá dúró sí Virginia nìkan yóò rò pé ìdílé náà ti run. Anthony kú ní 1670. Ní 1677, John ọmọ ọmọ rẹ̀ ra éékà 44, ó sọ ilẹ̀ náà ní Angola. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ipasẹ̀ wọn ń pòórá nínú ìwé. Àlàfo àárín ibẹ̀ sí 1782 ni ẹ ní láti dí, kí ọ̀rọ̀ ilé yín tó dúró. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ (DNA) nìkan kò lè dí i; ìran tó wà láàárín ti pọ̀ jù. Wá ìwé ìhágún, àti ìwé tí kóòtù fi ń fa ọmọ dúdú olómìnira lé ọ̀gá lọ́wọ́ láti kọ́ṣẹ́.

Kọ́kọ́ béèrè ìwé ìgbéyàwó ìyá ìyá rẹ, kí o wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn òbí rẹ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ