Ìlà kan ló kù nínú script tí ẹ tẹ̀ jáde

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka script (àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé) tí ẹ tẹ̀ sí abala kọ̀ǹpútà yín, èyí tó máa ń fúnra rẹ̀ kó ìkànnì lọ sórí sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì síta. Inú mi dùn sí i, àmọ́ ẹ̀rù bà mí pẹ̀lú, torí irú rẹ̀ gan-an ló pa ìkànnì tèmi rẹ́ lójú mi.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Ojú ewé 140 ni mo fi kó ẹ̀kọ́ àti ìdánrawò jọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń gbé fáìlì kọ̀ọ̀kan lọ. Bí mo bá gbàgbé ẹyọ kan, àwòrán a dàwátì. Ni mo bá kọ script: kó nu fódà public, kó dá òfìfo mìíràn sílẹ̀, kó sọ ẹ̀kọ́ di HTML, irú fáìlì tí ojú ewé ìkànnì ń lò, síbẹ̀, kí rsync, ètò tó ń da fáìlì kọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, wá kó o lọ. Mo fi --delete sí i, kí ohun tí mo bá yọ lọ́dọ̀ mi lè kúrò lórí sẹ́fà náà.

Ó ṣiṣẹ́ fóṣù mẹ́jọ. Lálẹ́ tó ṣáájú ìdánwò, mo gbàgbé àmì colon kan nínú fáìlì ìṣètò. Ètò tó ń ṣe HTML kọ̀, kò ṣe ẹyọ ojú ewé kan. Shell, ètò tó ń ka script tó sì ń ṣe àwọn àṣẹ inú rẹ̀, ò sì dúró: bí àṣẹ kan bá kùnà, èyí tó kàn ló ń bọ́ sí, àfi tí a bá ti kìlọ̀ fún un. Rsync bá public lófìfo, ó sọ sẹ́fà dòfìfo bákan náà. “deleting ida-1.html, deleting ida-2.html,” bẹ́ẹ̀ ló ń sáré kọjá lójú mi. Àyà mi já.

Git, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí a bá ṣe sí fáìlì, ló yọ mí. Ohun tí Linus Torvalds ṣe lọ́dún 2005 nítorí iṣẹ́ kernel Linux, ọkàn ètò Linux, ló bá mi tọ́jú gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn. Git show fi ìlà tí mo bà jẹ́ hàn mí, mo ṣe git revert láti fagi lé àyípadà náà, mo tún script sáré, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí gbogbo rẹ̀ fi padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ ìlà yìí jáde, káwọn òǹkàwé fi ṣe ìlà kejì script wọn, lábẹ́ #!/bin/bash:

set -euo pipefail

-e ló ń dá script dúró bí àṣẹ kan bá kùnà, -u ń dá a dúró bó bá lo orúkọ tí a kò tíì fún ní iye, pipefail sì ń jẹ́ kí ìkùnà àṣẹ èyíkéyìí nínú àwọn tí a so pọ̀ hàn. Ẹ má gé pipefail kúrò o. Inú tee, àṣẹ tó ń fi ọ̀rọ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà tó sì ń kọ ọ́ sínú fáìlì, ni mo máa ń darí ọ̀rọ̀ ètò HTML gbà kí n lè ní àkọsílẹ̀. Bó bá jẹ́ -e nìkan, èsì tee ló máa wò, tee kì í sì í sábà kùnà. Ẹ fi --max-delete=10 ti --delete lẹ́yìn, kí rsync má lè pa ju fáìlì mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ṣì ń fòyà lè kọ́kọ́ fi -nv sí i: á ka gbogbo ohun tó fẹ́ pa sílẹ̀ láìfọwọ́ kan ọ̀kankan.

Script tèmi kì í kó nǹkan kan lọ mọ́ bí git status bá ní iṣẹ́ wà tí mi ò tíì commit, ìyẹn tí mi ò tíì fi pamọ́ sínú Git. Ó ń fa ọwọ́ mi sẹ́yìn díẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí, ẹ lò ó bó ṣe wù yín.

Èmi ni,
Olùkọ́ ìṣirò, òǹkàwé yín