Káyọ̀, koríko tí mo pa ló kó mi sí wàhálà

Mọ́níyà, Ìbàdàn

Káyọ̀ ọmọ ìyá mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó ń kọ́? Àwọn ọmọ ń kọ́? Mo gbọ́ fóìsì nóòtù ẹ tó gùn bí ìwàásù yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi ń bi mí pé ṣé kò sí o. O ní koríko iwájú ilé ẹ ní Calgary fẹ́ pa ẹ́, pé o ò torí àtidi alágbàro ra ilé, tó bá sì tún di ìgbà yìnyín, wọ́n á ní kó o kó o kúrò lójú ọ̀nà tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn kí wákàtí 24 tó pé, fún ìdí èyí o fẹ́ fi intalọ́ọ̀kì bo gbogbo ẹ̀ kó o lè sinmi. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe jókòó kọ eléyìí. Jọ̀ọ́, má tíì ṣe é. Gbọ́ ohun tójú mi rí ná.

O mọ̀ pé March la kó wọlé. Ilé ò tíì parí o, a ṣáà kó wọ̀ ọ́ ni, bí a ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn, tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé bá ti wà, ó ti di ilé. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà yẹn ò ju ọ̀dà, géètì, òdòdó, àwọn nǹkan tí àlejò á rí tí wọ́n á fi mọ̀ pé Lékè ti di lándílọ́ọ̀dù. Mo tiẹ̀ ra ọ̀dà, garawa mẹ́rin. Wọ́n ṣì wà nínú sítọ́ọ̀ báyìí, a ò tíì ṣí ìkankan.

Ìgbà tó fi máa di May, koríko ti dé orúnkún, ìyàwó mi wá rí ejò kékeré kan lẹ́yìn ilé, ó ní òun ò ní sá aṣọ síbẹ̀ mọ́. Mo pe ọmọkùnrin kan pé kó wá ṣán an, owó tó pè bí mi nínú, ni mo bá lọ ra oògùn apakoríko, mo yá pọ́ǹpù tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn lọ́wọ́ aládùúgbò, mo fín in láti fẹ́ǹsì dé fẹ́ǹsì, mi ò dá ewé kan sí. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ gbogbo ẹ̀ ti gbẹ, mo gbá a jọ, ilẹ̀ wá dán bí ilẹ̀ ààfin. Mo ya fọ́tò, mo gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì, ìwọ gan-an lo kọ "lándílọ́ọ̀dù gidi" sí i. Àṣé ẹ̀gún ni mo ń kó sí ẹsẹ̀ ara mi.

Òjò kan péré, Káyọ̀. Òjò kan!

Ilé wa wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, o máa rántí láti inú fídíò. Alhájì tó wà lókè wa ti fi intalọ́ọ̀kì bo gbogbo kọ́m̀páǹdù tiẹ̀, ó rẹwà o, mi ò parọ́, àmọ́ omi ò rí ibi wọlẹ̀ sí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń sáré bọ̀, èmi náà sì ti pa gbogbo gbòǹgbò tí ì bá di ilẹ̀ mú. Ìgbà tí òjò yẹn fi máa dá, ilẹ̀ dúdú orí ẹ̀ ti ṣàn lọ, fandéṣọ̀n ọwọ́ òsì ti yọ síta, mo ti apá mi bọ abẹ́ ẹ̀, ó wọlé dé ìgúnpá. Èyí tó wá dùn mí jù ni kànga. A ò mọ ẹnu ẹ̀ ga, ẹrẹ̀ wọ inú ẹ̀, omi tí a fà lọ́jọ́ kejì pọ́n bí ẹni po epo sí i. Kànga tí a fara balẹ̀ gbẹ́ ní February, nígbà tí omi ilẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, kó má baà gbẹ mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́gbẹlẹ̀!

Bíríkìlà dé, ó ní ká rẹ́ fandéṣọ̀n yẹn, ká da kọ́ńkéré sí i, ó parí. Mo ti fẹ́ kówó sílẹ̀ tán kí bàbá kan tó ń gbẹ́ gọ́tà ládùúgbò tó dá sí i. Bàbá yẹn ní, "Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá dí ibí, omi á wá ibòmíì gbà. Tí òjò bá tún ń rọ̀, ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ bọ́ síta, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé e."

Mo tẹ̀ lé omi lóòótọ́. Èmi àti agboorun, ìyàwó mi ń fi fóònù ká mi sílẹ̀ lójú fèrèsé. Mo rò pé Alhájì nìkan ni máa rí fà létí, àṣé òrùlé tèmi gan-an wà nínú ẹ̀! Mi ò fi gọ́tà sí etí òrùlé, gbogbo omi ẹ̀ ń já sí ẹsẹ̀ ògiri lọ́wọ́ òsì yẹn. Ṣírò ó wò: òrùlé mi tó mítà 10 sí 15, mílímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú lóòró, lítà kan nìyẹn, tí mílímítà 20 bá rọ̀, lítà 3,000 lò ń wò yẹn, ìyẹn sì jẹ́ òjò tí ọmọ Ìbàdàn ò ní kà sí òjò. Àwa tí wọ́n fi ìtàn Omíyalé 1980 tọ́ dàgbà, tí a tún fojú ara wa rí ti 2011, tí a mọ ohun tí odò Ògùnpa lè ṣe, èmi yìí náà ni mo wá gbàgbé omi tí mo fẹ́ lọ kun ọ̀dà.

Ìjà èmi àti Alhájì ò gùn púpọ̀. Ó kọ́kọ́ ní òun kọ́ lòun bí omi. Nígbà tí àwọn àgbà nínú ẹgbẹ́ onílé dá sí i, a jọ gbẹ́ gọ́tà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ìdajì owó búlọ́ọ̀kù látọ̀dọ̀ ẹ̀, ìdajì látọ̀dọ̀ mi, ó tiẹ̀ tún gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún wa lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn ìyẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ tún fandéṣọ̀n ṣe, a da kọ́ńkéré yí ẹsẹ̀ ilé ká, ó dà gẹ̀rẹ́ síta díẹ̀ kí omi má dúró ti ògiri. Mo fi gọ́tà sí òrùlé, mo darí ẹ̀ sínú táǹkì, omi yẹn la fi ń fọ aṣọ tí a fi ń da ilé ìgbọ̀nsẹ̀ báyìí. A mọ ẹnu kànga ga, a gbọ́n ọn gbẹ.

Pákó náà tún jẹ mí níyà, àmọ́ ẹ̀bi mi ni. Mo ra pákó ní Bódìjà fún ilé adìẹ, mo fi ti ara ògiri lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ikán jẹ ẹ́, ó sì gba ibẹ̀ gun férémù ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Koríko ti ń hù padà. Mo ra kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì sí iwájú níbẹ̀rẹ̀ July, ibi tó dà gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn, koríko lásán ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀, àdá ni wọ́n fi ń gé e mọ́lẹ̀, a ò hú u. Mo gbin ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbi tí omi balùwẹ̀ ń gbà jáde. Mo tún dé NIHORT, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí èso àti ewébẹ̀, ní Ìdí-Iṣin, mo ra ọsàn kan àti máńgòrò kan tí wọ́n ti lọ́ mọ́ igi mìíì, wọ́n ní ó lè so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọ̀ọ́kán ni mo gbìn wọ́n sí, jìnnà sí ilé àti sókàwéè, torí gbòǹgbò.

Ìwọ wá ń kọ́? O ní inú yàrá abẹ́ ilé ẹ ń rùn bí aṣọ tútù, o dẹ̀ fẹ́ fi òkúta bo ilẹ̀ ìta! Kọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀ kó o wo ibi tí páìpù òrùlé ẹ ń da omi sí. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ògiri ni, so páìpù mìíì mọ́ ọn, kó gbé e lọ bíi mítà méjì síta. Wò ó bóyá ilẹ̀ ẹ dà sọ́dọ̀ ilé ni àbí ó dà síta. Yìnyín tó o bá kó, má kó o jọ sára ògiri, tó bá yọ́, omi náà ni. Tó o bá ṣì fẹ́ intalọ́ọ̀kì lẹ́yìn gbogbo èyí, fi sí ibi tẹ́ ẹ ti ń rìn nìkan, kó o dá ìyókù sí.

Ya fọ́tò páìpù yẹn ránṣẹ́ kí n rí i. Tó o bá ń bọ̀ ní December, bá mi ra gílọ́ọ̀fù iṣẹ́ méjì tó nípọn, ṣọ́bìrì ti bó mi lọ́wọ́ yánna-yànna.

Èmi ni tìẹ,
Lékè