Ẹ bá wa dárúkọ ẹni tó tẹ páìpù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí ìtàn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, inú mi sì dùn pé ẹ kò kà á sí ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Thomas Crapper ni ó kọ́kọ́ ṣe tọ́ílẹ́ẹ̀tì olómi, àti pé wọ́n tìtorí rẹ̀ fi í joyè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Iṣẹ́ púlọ́mbà ni mo fi ń jẹun láti ọdún 26 wá, mo sì mọ ohun tí àṣìṣe yìí ń bò mọ́lẹ̀.

Ọdún 1836 ni wọ́n bí Crapper, bẹ́ẹ̀ sì ni John Harington, ọmọ ìsàmì Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, ti kọ̀wé nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí omi ń ṣàn ní 1596. Ògbóǹtarìgì oníṣẹ́ ni Crapper, ó tún àwọn nǹkan inú rẹ̀ ṣe, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń pàtẹ rẹ̀. Iyì tirẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó yẹ kí á máa rántí ni Alexander Cumming, oníṣẹ́ aago ní London, ẹni tí ìjọba fún ní ìwé ẹ̀tọ́ ní 1775 lórí páìpù tó tẹ̀ bí lẹ́tà S lábẹ́ àwo. Omi tó ń dúró sí kọ́rọ́ páìpù yẹn, ìyẹn ibi tó ti tẹ̀, ni kì í jẹ́ kí òórùn kòtò ìgbẹ́ padà wọlé bá wa.

Àìmọ iṣẹ́ tí kọ́rọ́ yìí ń ṣe ló ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé ayálégbé. Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè mí sí ilé kan tí yàrá mẹ́wàá ti ń lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Wọ́n ti lẹ orúkọ ẹni tí fífọ̀ kàn mọ́ ògiri, wọ́n ti ra apakòkòrò, wọn kò sì yéé bú ara wọn. Obìnrin kan na abọ́ ike tí wọ́n fi ń bu omi wẹ̀ sí mi: “Bàbá, ẹ wò ó, mo máa ń da omi sí i.” Ó dà á lójú mi lẹ́ẹ̀mẹta, omi ń rọra gòkè, ohun tó wà nínú rẹ̀ ń yí po, kò lọ. Mo gba korobá, mo gbé e dé àyà, mo dà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lọ gbùrù! Kì í ṣe pé obìnrin náà jẹ́ ọ̀bùn. Ìwọ̀n omi tó wúwo lẹ́ẹ̀kan náà ló ń ti nǹkan kọjá kọ́rọ́ yẹn, omi díẹ̀díẹ̀ kàn ń gborí rẹ̀ kọjá ni. Lẹ́yìn náà, kí á rọra fi omi díẹ̀ tẹ̀lé e, kí kọ́rọ́ náà má baà gbẹ. Bí ó bá gbẹ, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò fún oṣù mélòó kan, òórùn á dé, aládùúgbò ni wọ́n á sì dá a lẹ́bi.

Ní ti àríyànjiyàn tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín, pé ṣé omi ló yẹ kí á fi ṣàn ìdí ni àbí tíṣù ló yẹ kí á fi nù ún, kí oníkálukú ṣe èyí tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, bí kò bá ti sọ páàdì àti ìwé líle sínú àwo.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ àtúnṣe náà jáde, kí ẹ sì dárúkọ Cumming síbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Púlọ́mbà kan, Ìbàdàn