Owó Ẹja Tó Wà Lọ́wọ́ Wa

Okun o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ìjọ wa kan tó ń gbé ní Florida, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi àwòrán ìlú kékeré kan ránṣẹ́ sí mi. Fort Myers Beach ni wọ́n ń pè é. Etí òkun ni gbogbo òwò wọn wà: ilé oúnjẹ, ilé ìtura, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àlejò. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìjì líle tí wọ́n pè ní Ian gbé òkun dà sórí ìlú náà. Atẹ́gùn rẹ̀ tó 240 kìlómítà ní wákàtí kan, omi sì ga ju ìdúró ènìyàn méjì lọ níbòmíràn. Ilẹ̀ símẹ́ǹtì nìkan ló kù nídìí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Síbẹ̀ wọ́n padà, wọ́n ń ta oúnjẹ nínú ọkọ̀, lábẹ́ àtíbàbà. Ní 2024, ìjì méjì míì, Helene àti Milton, tún dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì síra wọn. Wọ́n tún gbá ẹrẹ̀ jáde.

Ọdún 2022 yẹn náà ni tiwa. Ẹ̀yin ará Ganaja àti Adankolo, mi ò ní láti rán yín létí. Òjò pọ̀, wọ́n ṣí ìsédò Lagdo ní Kamẹrúùn, Odò Ọya àti Bẹ́núé tó pàdé ní Lọ́kọ́ja yìí sì kún bo ojú títì. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń kọjá lórí ọ̀nà Ganaja. Ẹ̀mí tó lé ní 600 ló bá omíyalé ọdún náà lọ káàkiri Nàìjíríà. A sì ti rí irú rẹ̀ ní 2012.

Nígbà tí omi fà, mo gbé àpò ìrẹsì ìjọ lọ fún ìyá kan tó ń yan ẹja. Ààrò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wó, ẹrẹ̀ kún inú fìrísà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó ní: “Baba, ẹ má bínú o. Owó ẹja ọjọ́ ìdúpẹ́ yẹn, bí ẹ bá rí díẹ̀ níbẹ̀, màá fi mọ ààrò kan.”

Ojú tì mí débi pé mi ò rí nǹkan sọ. Láti oṣù kẹjọ ni ìjọ ti ra ẹja náà láwìn. Èmi fúnra mi ni mo ní kó kó o wá. Ìrẹsì tí mo gbé lọ kò tó ìdajì gbèsè yẹn.

Láti ọjọ́ náà, ìtàn opó inú Ìwé Ọba Kejì orí 4 kò dún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ létí mi. Gbèsè ni wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú. Èlíṣà kò bu oúnjẹ fún un. Ó bi í léèrè ohun tó kù nílé, ìyẹn òróró díẹ̀, ó sì ní kó lọ yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, kó má sì yá díẹ̀. Nígbà tí wọ́n kún, ó ní kó lọ tà á, kó san gbèsè, kí òun àtàwọn ọmọ fi ìyókù jẹun. Ọlọ́run ló mú òróró pọ̀, ṣùgbọ́n aládùúgbò ló ni ìkòkò. Àwọn kan ló sì ra òróró yẹn. Bíbélì kò dárúkọ wọn. Bí wọn ò bá rà á ńkọ́? Òróró ì bá kún ilé, kí gbèsè ṣì wà lọ́rùn obìnrin náà.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ní iléeṣẹ́ tó ń yá oníṣòwò kékeré lówó lẹ́yìn irú àjálù báyìí. Èsúsú ni ẹlẹ́ja tiwa ní, àti oníbàárà. Omi lè gbé ọjà lọ, ọjọ́ èsúsú kò ní yẹ̀. Àwa oníbàárà rẹ̀ wá ńkọ́? Àwọn kan nínú wa yà sọ́jà míì nígbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ omi, wọn ò sì padà mọ́. Àwọn míì padà, wọ́n ń ná ọjà rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, torí wọ́n mọ̀ pé ó ń wá owó lójú méjèèjì. Èyí dùn mí púpọ̀.

Mo tún ń gbọ́ pé, “Kí ló dé tí wọn ò kó kúrò létí odò?” Ibi tí ẹja wà ni ẹlẹ́ja ń gbé. Ẹja wọn náà sì ni ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi san owó ẹja náà tán. Mo bẹ̀ yín, lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wo ìwé àwìn yín: aláta, oníṣọ́ọ̀bù, télọ̀, ẹni tó bá yín tún ilé ṣe. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ, kó rí mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́rú. A ó jọ lọ bá ẹni tó ni owó.