Lẹ́tà sí Ọmọ́wùmí lórí ọ̀rọ̀ Àdúrótì, ẹṣin wa

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Ọjọ́ Àìkú.

Ọmọ́wùmí ọmọ mi,

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o fi ohùn rán sórí fóònù ìyá rẹ lálẹ́ àná. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Físà Kánádà ti jáde, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, oṣù méjì ló sì kù. O ní oníṣòwò ẹṣin kan láti Ìlọrin ti dá owó lé Àdúrótì, pé kí n gba owó náà, kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọ̀rọ̀ náà yóò gùn díẹ̀, ọmọ mi. Jókòó kà á.

Pé kí Àdúrótì kúrò nílé yìí kọ́ ló ń dùn mí. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n lè máa fa omi ní kànga mọ́, ẹṣin yìí sì lè mu tó lítà 30 lóòjọ́, ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ẹ̀rùn. Ọmọkùnrin tó ń bá wa gé koríko ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Adó. Ó tọ́ kí á wá ilé fún un. Èyí tó dùn mí ni ohun tí o fi kádìí ọ̀rọ̀ rẹ: “Bàbá, ẹ ṣá sọ pé ọmọ ọdún 14 ni.”

Láàárọ̀ yìí ni mo wo ẹnu rẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò gbé ètè rẹ̀ sókè, kò tilẹ̀ mi orí. Ìlà dúdú kan máa ń wà lára eyín igun tòkè. Bí ẹṣin bá tó ọmọ ọdún 10 ni ìlà náà ń yọjú lábẹ́ èrìgì, á máa gùn bọ̀ wá sísàlẹ̀. Tó bá fi máa tó ọmọ ọdún 20, á ti gba gbogbo eyín náà já. Lẹ́yìn ìyẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ láti òkè. Ti Àdúrótì ti parẹ́ lókè, ìsàlẹ̀ nìkan ló kù. Ẹni tó bá mọ ẹṣin á rí i lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò mọ ẹṣin nìkan la lè pa irú irọ́ yẹn fún, òun gan-an ni kò sì yẹ kí á fa ẹṣin àgbà lé lọ́wọ́.

Mo ti pa irọ́ yìí rí. Kí á tó bí ọ, mo ní abo ẹṣin pupa kan. Ó ti tó ọmọ ọdún 19, mo sọ fún ẹni tó rà á pé 12 ni. Ó gbà mí gbọ́, ó sì ń lò ó bí ọmọ ọdún 12. Nígbà tí ẹṣin náà ń rù, kò mọ̀ pé eyín ni, ó rò pé oúnjẹ òun ni kò dára. Ọdún ò yí po tó fi kú. Ọkùnrin náà wá sílé wa, ó wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi pé òun ò tọ́jú ẹṣin mi. Mo jókòó, mo ń wò ó, mi ò lè la ẹnu sọ òótọ́. Òun náà ti kú báyìí.

Nítorí náà, gbogbo rẹ̀ ni kí á sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbà á. Sọ pé ó ti lé ní 20. Sọ pé koríko líle ò ṣeé jẹ fún un mọ́: á rún un títí, á ṣù ú lẹ́nu, á tún tu ú sílẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń gbá àwọn ìṣù náà nílẹ̀, tútù báyìí. Èèrí àgbàdo tí a rẹ sínú omi ló ń jẹ, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, torí ẹṣin kì í bì. Ohun tó bá há sínú rẹ̀ lè pa á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kí wọ́n máa gé pátákò rẹ̀. Ọmọdé nìkan ló lè gùn ún báyìí, torí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ máa ń le kó tó rìn díẹ̀.

Kọ ìwà rẹ̀ náà sí i. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Ọmọ ọdún 7 ni ọ́ nígbà tí o yọ̀ bọ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí o bọ́ sábẹ́ ikùn rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí mo fi fà ọ́ jáde. Wọ́n yin ìbọn ṣakabùlà níbi ìwúyè kan ní Adó, àwọn ẹṣin yòókù ń já okùn, òun dúró. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìwọ lo gun ẹ̀yìn rẹ̀ dàgbà.

Ará Ìlọrin yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n títà ni yóò tún un tà, òun fúnra rẹ̀ ò sì lè sọ ibi tí ẹṣin náà yóò sùn lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní Ẹ̀fọ̀n fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo Ẹ̀fọ̀n, òkè ni. Ẹsẹ̀ yẹn ò lè gun òkè mọ́.

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Ọ̀tùn, ó ní abo ẹṣin kan tó dá wà láti ìgbà tí èkejì rẹ̀ ti kú. Ẹṣin kì í fẹ́ dá wà. Ilẹ̀ tọ̀hún sì ti ń súnmọ́ ọ̀dàn, kò dà bí igbó tiwa níbí tí eṣinṣin tsetse, tó ń kó àrùn ran ẹṣin, ń bá wa jà; ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ àtijọ́ gan-an, pápá ni wọ́n ti lágbára, igbó ò gbà wọ́n. Nígbà tí mo pè é, kò bi mí pé èló ni. Ó ní, “Kí ló ń jẹ báyìí?” Ọkàn mi balẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó kí á tó fún un. Wo inú agbada omi rẹ̀ bóyá ó mọ́, wo pátákò abo ẹṣin rẹ̀. Kó ṣèlérí pé bó bá sú òun, àwa ni òun máa pè, òun ò ní tà á. Bó bá sì di ọjọ́ tí kò lè jẹun mọ́, kó pe dókítà ẹran kó fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ láìjẹ̀rora. Má bẹ̀rù láti sọ ìyẹn. Àpò èèrí kan yóò bá a lọ, kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́wàá pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ọkọ̀ yóò sì gbé e, kí oòrùn tó mú.

Owó ará Ìlọrin pọ̀, mo sì mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú rẹ ń dúró de owó. Mo ní díẹ̀ nínú àjẹṣẹ́kù. Mo ti kọ̀wé sí wọn, màá sì ta gàárì ńlá yẹn mọ́ ọn. Má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ náà.

Ìyá rẹ kí ọ. Bí o bá ń bọ̀ ní Sátidé, ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dání, èyí tó ti rọ̀ dáadáa. Àdúrótì ò lè jẹ àgbàdo tí o máa ń fún un mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ.